Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Oní-Kámẹ́rà: Mo-gbọ́-mo-yà l'ọ́jà Akẹ̀sán

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lọ́tẹ̀ yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn ẹ̀ náà máa gùn, ẹ fara dà á fún mi. Àwọn tó bá fẹ́ ìdáhùn kúkúrú, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ lọ.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ọ̀yọ́ níbí náà ni mo ti ń jẹun, ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ya fọ́tò òde, ìgbéyàwó ni o, ìsọmọlórúkọ ni o, ìsìnkú ni o, kò sí èyí tí mi ò yà rí, àwọn èèyàn dẹ̀ mọ̀ mí dáadáa. Lóṣù tó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá síbi wọ́kíṣọ́ọ̀pù kan, ọlọ́jọ́ márùn-ún, olùkọ́ wá láti Èkó, wọ́n ní dọkumẹ́ńtárì ni wọ́n fẹ́ kọ́ wa, ìyẹn ni pé kéèyàn ya ìgbé ayé àwọn èèyàn bó ṣe rí gan-an láì to ẹnikẹ́ni sójú kan. Mo ní kí ló tún kù tí mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ojú mi rí nǹkan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ olùkọ́ ti sọ pé kò sí fláàṣì, kò sí "ẹ wo ibí", kẹ́nikẹ́ni má sọ fún èèyàn pé kó rẹ́rìn-ín, ká wọ ọjà Akẹ̀sán lọ ká lọ bá ẹni tá ò mọ̀ rí. Èmi tí mo máa ń gun àga síwájú alága ìdúró! Ẹsẹ̀ mi ò gbé mọ́. Mo dúró sí òdìkejì títì, mo ki lẹ́ǹsì 70-200, èyí tó ń fa nǹkan tó jìnnà sún mọ́ni, bọ ẹnu kámẹ́rà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n láti ọ̀hún. 412 ni mo kó délé, ẹ̀yìn èèyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Olùkọ́ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó dúró lórí ọ̀kan, ó ní "Kí lorúkọ màmá yìí?" Mi ò mọ̀. Ó tẹ òmíì, "Eléyìí ńkọ́?" Mi ò mọ̀. Ó ní nínú irínwó ó lé méjìlá, o ò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Kò pariwo mọ́ mi o, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí n gbìyànjú, mo lọ bá ìyá kan tó ń ta ẹlùbọ́, mo ti gbé kámẹ́rà sójú kí n tó la ẹnu, ni ìyá bá figbe ta, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ? Ṣé ìjọba tún fẹ́ wá fọwọ́ kan ìsọ̀ wa ni?" Gbogbo ọjà yíjú wò mí. Ojú tì mí débi pé lọ́jọ́ kẹta mo fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí wọn pé inú ń run mí, mi ò dẹ̀ padà débẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi parí. Wọ́n ṣì máa pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì òní, kálukú á mú fọ́tò mẹ́wàá dání. Ṣé kí n lọ ni àbí kí n gbájú mọ́ òde mi?

— Afọ́tò òde, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, má bínú. "Inú ń run mí" yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti pa irọ́ inú rírun rí, nídìí kámẹ́rà yìí kan náà ni.

Ìwọ kì í ṣe onítìjú. Onítìjú kọ́ ló máa gun àga síwájú alága ìdúró, tó máa sọ fún mọ̀lẹ́bí ìyàwó pé kí wọ́n sún mọ́ra, tó máa ní kí ìyá ọkọ gbé gèlè kúrò lójú díẹ̀. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé lóde, wọ́n ti bá ẹ kí gbogbo èèyàn kó o tó dé. Káàdì ìpè ti kí wọn, aṣọ ẹbí ti kí wọn, owó àsansílẹ̀ tí wọ́n san fún ẹ náà ti kí wọn. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé ta ló rán ẹ, wọ́n kúkú mọ ẹni tó pè ẹ́. L'Ákẹ̀sán, kò sẹ́ni tó pè ẹ́. Mo-gbọ́-mo-yà ni ẹ́ níbẹ̀, ìwọ tiẹ̀ wá burú ju mo-gbọ́-mo-yà lọ, torí o ò gbọ́ nǹkan kan, o kàn yà ni, o wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n lọ ràì.

Mo-gbọ́-mo-yà tó bá gbọ́n, ṣé o ti wò ó rí? Kì í lọ jókòó sídìí ìrẹsì tààrà. Á kọ́kọ́ lọ kí baba olóde, á bá wọn gbé bẹ́ǹṣì kúrò lóòrùn, á bá wọn lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ìkòkò, tó bá fi máa di aago méjì, wọ́n ti ń fi orúkọ pè é rán níṣẹ́. Ẹran méjì ló máa jẹ.

Ká wá sọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì yẹn. Lórí kámẹ́rà full frame, ìyẹn èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, tó o bá fẹ́ kí èèyàn kún fọ́tò láti orí dé ìbàdí pẹ̀lú 200, ó máa tó bíi mítà mẹ́jọ tó o máa fi jìnnà sí i. Tó bá jẹ́ 35 ló wà lẹ́nu kámẹ́rà ẹ, mítà kan àbọ̀ ni, ibi tí wàá ti máa gbóòórùn ẹlùbọ́ náà, tí ìyá á lè na ọwọ́ kó gbá ẹ létí. Nítorí ìgbátí yẹn lo ṣe gbé 200. Má jẹ́ ká tan ara wa pé torí pé ẹ̀yìn fọ́tò máa ń rí bàìbàì dáadáa ni.

Má rò ó pé fọ́tò ẹ̀yìn èèyàn ni olùkọ́ yín kórìíra o. Afọ́tò kan, J.D. 'Okhai Ojeikere, tó ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù nílé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn níbí ní 1954, ẹ̀yìn orí ló fi dolókìkí káàkiri ayé. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, ó tó bí ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wàá wò ó títí o ò ní rí ojú, ìpàkọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìpàkọ́ mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, ó fara balẹ̀ fún un. Àwọn tó wà nínú 412 tìẹ, ọjà ni wọ́n bá lọ.

Akinbode Akinbiyi náà ń bẹ, afọ́tò lòun náà, 1946 ni wọ́n bí i, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà Rolleiflex, kámẹ́rà onífíìmù ni. Kámẹ́rà yẹn, ibi àyà lèèyàn máa ń gbé e sí, òkè lo ti máa wo inú ẹ̀, orí ẹ á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí àgbà, kò ní dà bíi pé o gbé nǹkan bojú bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Ìyá ẹlùbọ́ á lè máa rí ojú ẹ. Tí kámẹ́rà tìẹ bá ní síkírínnì ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè, o lè gbé e sáyà bẹ́ẹ̀ náà, dán an wò. Fíìmù kan níbẹ̀ dẹ̀ rèé, fọ́tò méjìlá péré ni. 412 tìẹ yẹn á jẹ́ fíìmù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rin á tún ṣẹ́kù, ta ló fẹ́ rà á fún ẹ?

Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ, má gbà á sí èébú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ́, o mọ̀ pé Akẹ̀sán jóná ní oṣù kìíní 2020. Kí ìjọba tó tún un kọ́, èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀, mo ya àwọn tó ń fọwọ́ wa eérú bóyá nǹkan ṣẹ́kù, mo padà sílé, mi ò mú ẹ̀dà kan ṣoṣo padà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn títí dòní. Tó bá jẹ́ pé ìyá yẹn wà lára wọn, gbèsè tèmi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ.

Nítorí náà, padà lọ sọ́dọ̀ wọn, kó o fi kámẹ́rà sílé lọ́jọ́ yẹn. Kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́jà, ajé á wọ igbá o. Tó bá jẹ́ onídìrí lo bá lọ, ojú gbooro o, tó bá jẹ́ aláró, àrẹ̀dú o. Olùkọ́ tó wá láti Èkó lè má kọ́ yín níyẹn, ṣùgbọ́n nílé ẹ ni wọ́n ti kọ́ ẹ, o kàn gbàgbé ẹ̀ sílé lọ́jọ́ tó o gbé lẹ́ǹsì ni. Bẹ̀ wọ́n, sọ ẹni tó o jẹ́ àti ohun tó o fẹ́ fi fọ́tò ṣe, ra kóńgò kan, kó o máa lọ ro àmàlà ẹ. Lọ́jọ́ kejì, fi kámẹ́rà kọ́rùn, má tíì gbé e sójú. Bá wọn gbé àpò. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníbàárà nájà tí wọn ò wò ẹ́ mọ́, ìgbà yẹn niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà, láyé fíìmù, mo fẹ́ ya bàbá kan tó ń fín igbá. Mo ní "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ yà yín ni." Wọn ò tiẹ̀ wojú mi, wọ́n ti ọ̀bẹ kékeré kan sí mi, wọ́n ní "Jókòó, bá mi họ èyí ná." Mo họ igbá fún bíi wákàtí méjì, ọwọ́ mi bó, mo dá ọ̀kan lu, mo dẹ̀ sanwó ẹ̀. Nígbà tó yá Bàbá ti gbàgbé mi síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Tí wọ́n bá fín ìlà kan tán, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ, ìyẹ̀fun ẹ̀ á bọ́ sórí itan wọn, wọ́n á wá di ojú méjèèjì, wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò tọ ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá há wọn lọ́wọ́ níbì kan, wọ́n á lajú, ọ̀bẹ á padà síbẹ̀. Ojú dídì yẹn ni mo yà. Méje ni gbogbo ohun tí mo yà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan ló dáa níbẹ̀. Ká ní òdìkejì títì ni mo wà, ǹ bá ní Bàbá ń tòògbé ni.

Ó ku nǹkan kan. Àwọn oníwọ́kíṣọ́ọ̀pù fẹ́ràn láti máa sọ pé kéèyàn kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára, òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ àwọn ọmọ míì ti fi ọ̀rọ̀ yẹn wọ ilé onílé. Ìtìjú tìẹ yàtọ̀ sí èèwọ̀ ẹlòmíì. Tí onílé bá ní má ya yàrá yẹn, tí wọ́n bá ní ẹ̀kú tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ wọ inú fọ́tò, kì í ṣe ibẹ̀ lo ti máa fi hàn wá pé o láyà. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó o lọ sí ìsọ̀ kejì.

Lọ síbi ìpàdé yẹn o. Tó bá jẹ́ fọ́tò mẹ́ta lo rí yà, mẹ́ta ni kó o mú lọ, kó o mọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o mọ̀ ọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ gan-an, ṣé Ìyá Ṣèyí ni àbí Ìyá Ṣẹ̀yẹ. Kó o dẹ̀ sọ fún olùkọ́ pé inú ò run ẹ́.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ̀yin oní-kámẹ́rà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, kajú ni mò ń tà, ọdún kọkànlélógún rèé. Ọmọkùnrin kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn kọjá níwájú ìsọ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín sí i, mi ò mọ̀ pé ó yà mí. Ọmọ ọmọ mi wà lórí ẹsẹ̀ mi, mò ń wẹ̀ fún un, kò wọ nǹkan kan. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àbúrò mi pè mí láti Ìlọrin, ó ní òun rí mi lórí Facebook, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìṣẹ́ ń bá àwọn ìyá wa jà. Èmi tí mo fi kajú kọ́lé! Tí mo fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí yunifásítì! Wọ́n ní ó wà lára àwọn kan tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò níbí. Kí ni kí n fi ọmọ yẹn ṣe?

— Ìyá oníkajú, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ má bínú, mo dọ̀bálẹ̀ lórúkọ gbogbo àwa tá à ń gbé kámẹ́rà. Kí ọmọ yín tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́kọ́ ṣe screenshot ibẹ̀, torí wọ́n lè yọ ọ́ tán kí wọ́n ní àwọn ò gbé e síbẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn kó kọ̀wé sí ọmọkùnrin náà pẹ̀lú sùúrù pé kó yọ ọ́ kúrò. Tí kò bá gbọ́, kó tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè fọ́tò yẹn, kó fẹjọ́ ẹ̀ sun Facebook, kó dẹ̀ sọ pé ọmọdé tí kò wọṣọ wà níbẹ̀, wọn ò gba irú ẹ̀ láyè. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2003 náà sọ pé ọmọdé ní àṣírí tó yẹ kí wọ́n bò, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa náà ní tiẹ̀, ẹ lè fi yẹn ràn án létí tó bá ń ṣagídí.

Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ló ká mi lára jù. Ó rí màmá àgbà, ó rí ọmọ tó wà níhòòhò, ó rí ìsọ̀ onípáánù, ó bá fúnra ẹ̀ parí ìtàn fún yín. Ká ní ó jókòó ra kajú ìgò kan lọ́wọ́ yín ni, kó tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀ ilé yẹn fún un, àtàwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kálukú pẹ̀lú ohun tó kà. Ìyẹn gan-an ni fọ́tò tó sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rín tó rín sí yín yẹn, mo mọ̀ ọ́n, èmi náà ti rín in rí, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ sá lọ ni.

Tí ẹ bá tún rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u níta gbangba. Ẹ pè é wọlé, ẹ fún un lómi, ẹ wá sọ fún un pé kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kó wá ya ilé yẹn, kí ẹ dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú gèlè yín. Kó kọ ìyẹn náà sórí Facebook.

Ìwọ afọ́tò òde tó o kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ka lẹ́tà màmá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

LẸ́TÀ KẸTA

Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọlọ́kadà tí mo fẹ́ yà l'Ọ́wọ̀dé ní kí n mú ₦5,000 wá ká tó sọ̀rọ̀. Olùkọ́ wa ní a ò gbọdọ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

— Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ yín ò parọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ò gbà kí oníròyìn sanwó fún ẹni tó ń yà, torí ẹni tó bá ti gbowó á fẹ́ ṣeré tó tó owó yẹn fún ẹ, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á ki dígí bọjú. Àwọn ọlọ́kadà náà ò dẹ̀ jẹ̀bi, wákàtí kan tí wọ́n bá fi dúró tì ẹ́, èrò mélòó ló ti kọjá níbẹ̀? Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá di èrò. Gun ọ̀kadà ọ̀kan nínú wọn, san owó ọkọ̀ ẹ, sọ ohun tó ò ń ṣe fún un lọ́nà, tó bá gbà, tẹ̀ lé e dé ibi tó ti ń ra epo, dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó ń bá a lẹ táyà, kó o ra gúgúrú kẹ́ ẹ jọ jẹ ẹ́. Tó o bá tẹ fọ́tò jáde, mú ti ẹ̀ lọ fún un. ₦5,000 fún ìdúró lásán, rárá o.

LẸ́TÀ KẸRIN

Bọ̀dá, ṣé kí n ta 70-200 mi kí n fi ra 35? Wọ́kíṣọ́ọ̀pù wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

— Láti Awẹ́

ÌDÁHÙN

Má tà á. Òde ọjọ́ Sátidé ló máa ra epo sí ọ̀kadà tó máa gbé ẹ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́ǹsì kékeré tó bá kámẹ́rà ẹ wá nínú páálí, yí i sí 35, tí kámẹ́rà ẹ bá jẹ́ crop, èyí tí ojú inú ẹ̀ kéré ju ti full frame lọ, yí i sí 24, kó o fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ kó má lè yí mọ́. Tó o bá fẹ́ kí nǹkan tóbi sí i nínú fọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ ni kó o fi sún mọ́ ọn. Má já sẹ́lótéèpù yẹn títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.